Gẹ̀ẹ́sì Tí À Ń Sọ Lójoojúmọ́ àti Ohun Tí Ó Túmọ̀ Sí

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan tí yóò ṣe tọmọdé tàgbà láǹfààní. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo sì pinnu láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké tó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a fi Yorùbá sílẹ̀ o. Ẹni tó bá wọ ilé mi mọ̀ pé Yorùbá ni èmi àti ìyàwó mi fi ń bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára páálí oògùn, òun ló wà nínú fọ́ọ̀mù báǹkì, òun náà ni wọ́n ń sọ ní kóòtù. Ọ̀rọ̀ tí a bá máa fọwọ́ sí, ó yẹ ká mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Dípúlómà ni mo gbà ní Auchi Polytechnic, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo sì ń ṣe nílùú yìí láti ohun tó lé ní ọdún 25. Fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ ló wà lábẹ́ ìtọ́jú mi. Ohun tí ojú mi ti rí nínú fáìlì ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo lè tú ilé ká.

Nígbà tí mo wà ní pólì, ìwé tí mo kọ́kọ́ fi owó ara mi rà ni ìwé atúmọ̀ èdè tí A. S. Hornby ṣe. Ìwé náà ní ìtàn. Òyìnbó tó ń kọ́ àwọn ọmọ Japan ní Gẹ̀ẹ́sì ni Hornby. Ó rí i pé ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n ṣe fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò tó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun, nítorí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ láti inú ilé, ìtumọ̀ nìkan ló ń wá kiri. Ní Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ ìwé rẹ̀ ní ọdún 1942, kí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford tó tún un tẹ̀ ní 1948. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, ìlò rẹ̀ ọ̀tọ̀. Bàbá wa Àjàyí Crowther ti rìn lójú ọ̀nà yìí ṣáájú. Wọ́n mú un lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn ní 1821, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, Sàró ló sì ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1843 ni ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ẹni tó kọ́ èdè Òyìnbó lẹ́yìn odi ló wá fi Yorùbá han Òyìnbó.

Ọ̀kan lọ́dọ̀ wa, méjì lọ́dọ̀ wọn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Yorùbá ní "yá". Mo yá a lówó. Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó pín in sí méjì: ẹni tó fúnni ló "lend", ẹni tó gbà ló "borrow". Nítorí náà ni ọmọ wa ṣe máa ń sọ pé "Borrow me your biro". Ẹni tó gbọ́ ọ yóò lóye, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nínú ìdánwò, máàkì ti lọ. Bàbá mi jẹ́ òṣómàálò láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, aṣọ ló ń gbé kiri fún àwọn èèyàn láwìn. Kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè da ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà rú mọ́ ọn lójú. Ó ní ní àárọ̀ ọjọ́ tí owó bá pé, ọ̀kan á máa kanlẹ̀kùn, èkejì á máa gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Bákan náà ni "kọ́". Tíṣà kọ́ mi, èmi náà kọ́ ìwé. Òyìnbó ní tíṣà "teach", ọmọ "learn". Ẹni tó bá ní "My teacher learnt me Mathematics", Yorùbá ló ń fi aṣọ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀. "Gbọ́" ńkọ́? À ń gbọ́ ohùn, à ń gbọ́ òórùn, à ń gbọ́ èdè. Òyìnbó fi "hear" sí ti ohùn, "smell" sí ti òórùn, "understand" sí ti èdè. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kì í sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè "hear" rẹ̀.

"Ẹsẹ̀" pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ wa, láti itan dé ọmọ ìka, ẹsẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ wọn, "leg" ni ti òkè, "foot" ni ti ibi tí à ń fi tẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà ní ọsibítù, kó kọ́kọ́ ní kí ìyá fọwọ́ kan ibi tó ń dùn wọ́n, kó tó ya ẹnu dá dókítà lóhùn.

Ní ti "ó", ọkùnrin ni, obìnrin ni, ajá ni, "ó" náà ni. Òyìnbó ní "he", ó ní "she", ó ní "it". Bí ìyá àgbà bá pe ọmọ rẹ̀ obìnrin ní "he", ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ọmọ wọn. Èdè wọn ni kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wọn rí.

"I am coming" náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń jáde lọ ló ń sọ ọ́! "Mò ń bọ̀" wa ni, a fi ń fọkàn ẹni tó kù nílé balẹ̀ pé a kò ní pẹ́. Òyìnbó tó bá gbọ́ ọ yóò jókòó, yóò máa wo ẹnu ọ̀nà pé kí ẹni náà wọlé. "I will be back" ló yẹ ká sọ fún un.

"Sorry" àti "well done"

Bí ẹnì kan bá kọsẹ̀ ní Sapele Road lónìí, èèyàn mẹ́ta yóò ti kí i ní "sorry" kó tó nàró. Kò sí ẹni tó tì í nínú wọn. Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń kí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ṣẹ̀ ló sábà ń sọ "sorry", tàbí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ọ̀fọ̀. Ọmọ àbúrò mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ sọ fún wa lórí fóònù pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ òun, bàbá arúgbó kan húkọ́, òun sì ní "Sorry, sir". Bàbá náà wò ó lójú, ó ní, kí lo ṣe tí o fi ń tọrọ àforíjì? Ó ṣàlàyé fún un pé nílé àwọn, bí ara bá ń ni ẹnì kan, àwọn tó wà nítòsí a máa bá a pín nínú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà, bí bàbá yẹn bá ti húkọ́, tí òun kò bá tètè sọ "sorry", bàbá á béèrè pé kí ló dé tó gbàgbé òun.

"Ẹ kú iṣẹ́" la sọ di "well done". Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, oríyìn ni "well done" jẹ́ fún ẹni tó ti ṣe nǹkan, tó sì ṣe é dáadáa. Ọ̀gá tàbí tíṣà ló sì ń sọ ọ́ jù. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá Òyìnbó, tó ní "Well done, sir", yóò dà bí ẹni pé ó ń fún ọ̀gá rẹ̀ ní máàkì. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ kú ìjókòó, kò sí fún ẹ kú ìdúró, kò sí fún ẹ kú ojú lọ́nà. Àwọn Ìbíní tí a jọ ń gbé mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ìdílé wọn ní ìkíni àárọ̀ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó jẹ́ pé bí ọmọ bá kí ọ láàárọ̀, wàá mọ ilé tó ti jáde wá. "Good morning" kì í béèrè ọmọ ta ni ọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé èdè kọ̀ọ̀kan ní ohun tó kà sí pàtàkì, kí wọ́n má fi ti ibì kan kan dípò èkejì.

"Brother" àti "cousin"

Nínú ẹbí, Yorùbá a máa béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dáyé: ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò? Òyìnbó a máa béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin: "brother" ni tàbí "sister"? Nítorí náà, ẹni tó bá ní "my brother" kò tíì sọ fún wa ẹni tó yẹ kó kí ẹnì kejì. Lẹ́yìn èyí, àwa kì í fẹ́ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní "cousin", torí ó dà bí ìgbà tí a tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Brother" là ń pè é. Kò burú láàárín ara wa. Ṣùgbọ́n lórí fọ́ọ̀mù físà, "brother" ni ẹni tí ẹ jọ ní bàbá tàbí ìyá kan náà. Bí o bá kọ "brother", tí orúkọ òbí yín lórí ìwé ọjọ́ ìbí kò sì bára mu, ẹni tó ń yẹ fọ́ọ̀mù náà wò lè sọ pé irọ́ lo pa. Ìfẹ́ ẹbí wà nínú ọkàn, kò sí àyè rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ "cousin", kí ẹ sì máa fẹ́ràn ara yín lọ.

"Next of kin" kì í ṣe àrólé

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ní àkáǹtì ní báǹkì, ẹ fetí sílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ kan kú. N kò ní sọ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kò tíì gbéyàwó nígbà tí ó wọṣẹ́, ó sì kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè "next of kin". Ó gbéyàwó lẹ́yìn náà, ó bí ọmọ mẹ́ta, kò rántí fọ́ọ̀mù yẹn mọ́. Nígbà tí ó kú, àbúrò gbé ẹ̀dà ìwé náà dání, ó ní òun ni "next of kin", òun ló ni owó, òun ló ni ilé. Ohun tó dùn mí jù ni pé opó náà kò bá a jiyàn. Òun náà gbà pé àrólé ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Nígbà tó wá sọ́dọ̀ mi, ó ti ń di ẹrù. Ohun tó wá béèrè ni bóyá wọ́n lè fi owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ṣàánú òun nínú owó ọkọ òun.

Mo mú ìwé atúmọ̀ èdè, mo sì ṣí i níwájú rẹ̀. "Kin" ni ìbátan. "Next" níhìn-ín ni ẹni tó sún mọ́ni jù. Ìbátan tó sún mọ́ni jù, ó parí. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ilé níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè orúkọ náà ni kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ síni. Mo ní kó lọ rí lọ́yà. Lọ́yà mú un lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní ẹni tó kú láìṣe ìwé ìhágún. Ó lé ní ọdún kan kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Àkọ́bí rẹ̀ fi ọdún ẹ̀kọ́ kan ṣòfò nílé. Àbúrò ọkọ náà kì í ṣe ènìyàn búburú o. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ ló gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta péré tí wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ló dá ọ̀tá sílẹ̀ láàárín wọn.

Èmi kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n to àwọn ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Next of kin" ni ẹni tí wọn yóò pè. "Beneficiary" ni ẹni tí yóò jẹ àǹfààní owó kan tí a dárúkọ rẹ̀ sí, bíi ti ìbánigbófò. "Heir" ni àrólé. "Will" ni ìwé ìhágún, níbi tí ènìyàn ti sọ bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n pín ohun ìní òun. Ẹni tí kò bá ṣe ìwé ìhágún, òfin tàbí àṣà ìdílé rẹ̀ ni wọn yóò tẹ̀ lé. Lọ́dọ̀ wa, ìdí-igi ni àbí orí-òjorí. Lọ́dọ̀ àwọn Ìbíní, ilé tí bàbá gbé títí ó fi kú, tí wọ́n ń pè ní Igiogbe, ti àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ni lẹ́yìn tó bá ti ṣe ètò ìsìnkú. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ọ́ ní 1991, nínú ẹjọ́ Idehen àti Idehen, pé ìwé ìhágún pàápàá kò lè gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ bá Ìbíní ṣe àna, ẹ mọ èyí dájú, kí ẹ má baà máa jiyàn lórí òkú.

"Indigene" àti "stranger"

Bàbá mi dé Ìbíní nígbà tí ìlú yìí ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú ìlú ẹkùn wà ní Ìbàdàn. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, ìjọba kan náà ló ń ṣe ti ọmọ Iléṣà àti ti ọmọ Ìbíní. Ní July 1963, wọ́n dìbò, nígbà tó sì di August ọdún náà, wọ́n dá Ẹkùn Àárín Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀. Bàbá mi sùn ní ará ẹkùn kan náà pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀, ó jí ní ará ẹkùn mìíràn, kò sì ká ẹní rẹ̀ kúrò níbi tó tẹ́ ẹ sí. Ó di Bendel ní 1976, ó di Ẹ̀dó ní August 1991. Láàárín ìgbà yẹn la kọ́ ọ̀rọ̀ kan: "non-indigene".

Òyìnbó ní "indigene" nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sábà gbé e. Àwa la sọ ọ́ di oúnjẹ òòjọ́. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 147 sọ pé ó kéré tán, mínísítà kan gbọ́dọ̀ jẹ́ "indigene" ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Abala 318 sì ṣàlàyé ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀, tàbí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òbí òbí rẹ̀, bá jẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ náà láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sọ pé bàbá nìkan. Ẹ̀yin tí ìyá ọmọ yín jẹ́ ọmọ Ẹ̀dó, ẹ ka ibẹ̀ dáadáa.

Nítorí náà, "place of birth" ni ibi tí wọ́n bí ọ sí. "Residence" ni ibi tí ò ń gbé. "State of origin" ni ibi tí àwọn baba ńlá rẹ ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ mi tí wọ́n bí ní Ìbíní, tó mọ Igun Street ju Iléṣà lọ, Ọ̀ṣun ni yóò kọ síbi ìkẹta. Ó máa ń béèrè ìdí rẹ̀. Mo ń dá a lóhùn pé fọ́ọ̀mù ń béèrè gbòǹgbò, kò béèrè ibi tí ewé ti ń gba oòrùn.

Ní ọdún kan, wọ́n ní kí ó kọ àròkọ nípa ìdílé rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé "We are strangers in Benin". Ó gbọ́ lẹ́nu ìyá mi pé àlejò ni wá nílùú yìí, ó sì wo ìwé atúmọ̀ èdè, ó rí "stranger" níwájú àlejò. Kò purọ́, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "guest" náà wà níbẹ̀, "visitor" sì wà níbẹ̀. Yorùbá kò ya ẹni tí a kò mọ̀ rí sọ́tọ̀ sí ẹni tí a ń ṣe lálejò. Bí ó bá ti wọlé, a ó fún un lómi. Òyìnbó yà wọ́n. "Stranger" ni ẹni tí a ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kó má bá sọ̀rọ̀. Mo fi àròkọ náà han ìyá Ìbíní tó ni ilé tó kángun sí tiwa, ẹni tó gbé ọmọ yìí pọ̀n nígbà tí ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù. Ó ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gba báírò lọ́wọ́ ọmọ, ó fa igi gba orí "strangers" kọjá, ó sì kọ "neighbours" sókè rẹ̀. N kò ní ohun tí mo lè fi kún un.

Kí ni ká ṣe?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ra ìwé atúmọ̀ èdè sílé, kí ẹ máa ka àpẹẹrẹ gbólóhùn tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe ìtumọ̀ nìkan. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀yin òbí, ẹ lọ béèrè fáìlì yín níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀, ẹ sì tún un ṣe bí ó bá yẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ má tijú láti béèrè ìtumọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Abéèrè kì í ṣìnà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan là ń yá ọ̀rọ̀. Ní January 2020, ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford gba àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ní Nàìjíríà wọlé. "Next tomorrow", "tokunbo" àti "non-indigene" wà nínú wọn. Ní January 2025, "japa", "agbero", "adire", "gele" àti "eba" tẹ̀ lé wọn. Òyìnbó tó bá fẹ́ mọ ohun tí gèlè jẹ́ yóò ṣí ìwé báyìí. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ tiwa ni kí àwa náà kọ́ tiwọn yanjú, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ tí a kò mọ̀ gba ẹ̀tọ́ wa.

Ọlọ́run yóò jẹ́ ká tún rí ọdún mìíràn. Ilé wa kò ní tú, ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́, àwa àti àwọn ọmọ onílùú tó gbà wá lálejò yóò jọ máa gbé ní ìrẹ́pọ̀. Àṣẹ.